Akọ Tàbí Abo: Láti Etí Odò Gàbọ́ọ̀nù

Ní ọdún 1847, ọdún méjì kí a tó tẹ ìlú Libreville dó, Thomas Savage, oníṣègùn àti àjíhìnrere láti Amẹ́ríkà, wọ̀ sí ilé John Leighton Wilson ní Baraka, ní ẹnu odò Gàbọ́ọ̀nù. Níbẹ̀ ni Wilson ti fi agbárí ẹranko kan hàn án. Àwọn ará Mpongwe ti mọ ẹranko náà tipẹ́. Ojú òyìnbó nìkan ni ó ti jẹ́ tuntun. Kí ọdún náà tó parí, Savage àti Jeffries Wyman sọ ọ́ ní gòrílà. Egungun akọ àti ti abo ni wọ́n rí kó jọ, ìyàtọ̀ wọn kò sì kéré. Òkè agbárí akọ a máa yọ gọngọ bí ogbe àkùkọ, akọ a sì máa wúwo tó abo méjì.

Kí ni ó sọ ọ̀kan di akọ, tí ó sọ èkejì di abo? Aristotle ní ooru ara bàbá ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ni a ń di ẹ̀bi rù bí ó bá bí obìnrin léraléra, ilé tí a sì ti torí èyí fẹ́ ìyàwó kejì kò lóǹkà. Ní ọdún 1905, Nettie Stevens fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àtọ̀ kòkòrò kan, ó rí i pé oríṣi méjì ni: kírómósómù ńlá wà nínú ọ̀kan, kékeré wà nínú èkejì, kékeré yìí ni ó sì ń bí akọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn rí. X nìkan ni ẹyin obìnrin ń gbé wá. Àtọ̀ ọkùnrin ni ó ń mú X tàbí Y wá. Ọkọ tí ń fi aya rẹ̀ ṣẹ̀sín ìbá kọ́kọ́ wo ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò yan èyí tí yóò lọ.

Ní ọdún 1959 ni ó hàn pé Y gan-an ni ó ń sọ ènìyàn àti eku di akọ: ẹni tí ó ní X méjì pẹ̀lú Y, ọkùnrin ni. Ní ọdún 1990 àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí jíìnì SRY lórí Y. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n fi í sínú ọlẹ̀ eku tí ó ní X méjì, ó sì di akọ.

Gòrílà ńkọ́? Kírómósómù 48 ni ó ní, tiwa jẹ́ 46, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni X àti Y ń ṣe. Nígbà tí a tẹ àkójọ jíìnì gòrílà jáde ní ọdún 2012, abo tí ń jẹ́ Kamilah ni a ti mú un. Nítorí náà Y kò sí níbẹ̀. Ọdún 2016 ni a tó ka Y akọ, ó sì yani lẹ́nu pé Y gòrílà jọ ti ènìyàn ju bí ti ìnàkí kékeré tí ó súnmọ́ wa jù ṣe jọ ọ́ lọ.