Ta Ni Ó Ni Àga Àwọn Akéwì Ilẹ̀ Wales?

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Wales, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wọ aṣọ funfun gbọọrọ, tí wọ́n dúró nínú agbo òkúta, tí idà ńlá kan sì wà láàárín wọn. Bí àlejò bá sì béèrè ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá, èsì tí yóò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àwọn àwòrò ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Druid ni wọ́n fi lélẹ̀, pé ó ti tó ẹgbàá ọdún tí a ti ń ṣe é bọ̀, àti pé bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ láìdáwọ́ dúró. Ìtàn náà dùn, ó sì ti ràn káàkiri bí iná ọyẹ́. Òtítọ́ a sì máa dọ́jà kí ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n ètò tí à ń wí yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gorsedd, kò tíì pé 250 ọdún, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì dá a sílẹ̀, ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí a sì mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó mú kí n máa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtàn àwọn Druid gba iyì lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ó sì gbé e fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún un.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Wales wà ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Britain, òkun yí i ká ní àríwá, ní ìwọ̀-oòrùn àti ní gúúsù. Ní ìlà-oòrùn, níbi tí ó ti bá England pààlà, yàrà àti òkìtì tí wọ́n fi orúkọ Offa, ọba Mercia ní ọ̀rúndún kẹjọ, pè ṣì hàn lójú ilẹ̀ di òní. Ilẹ̀ olókè gbágungbàgun, ilẹ̀ olójò, ilẹ̀ tí àgùntàn kún orí pápá rẹ̀, tí èédú kún abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní gúúsù, tí òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òrùlé sì kún inú òkè rẹ̀ ní àríwá. Yr Wyddfa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon, ni ó ga jù nínú gbogbo òkè wọ̀nyẹn, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1,085. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ni ó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ti ní ọba tiwọn rí, títí Edward Kìíní ọba England fi borí wọn, tí wọ́n sì pa Llywelyn ap Gruffudd, olórí wọn, ní ọdún 1282. Nígbà tí ó sì di ọdún 1536, òfin jáde pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa fi ṣẹjọ́ ní kóòtù, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ di ipò mú. Ènìyàn tí a gba adé lórí rẹ̀, tí a sì lé èdè rẹ̀ jáde kúrò ní ilé ẹjọ́, kò ní ibi ìsádi mìíràn ju ẹnu àwọn akéwì rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àga akéwì, àga tí wọ́n fi ń dá akéwì tí ó bá borí lọ́lá, kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Wales.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ẹ̀rí wò. Julius Caesar kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Druid kò fẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ wọn sínú ìwé, àti pé ẹlòmíràn nínú àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ wọn a máa lo ogún ọdún níbi tí ó ti ń kọ́ ọ sórí. Tacitus, òun náà ará Róòmù, ròyìn bí Suetonius Paulinus ṣe kó ogun ja erékùṣù Môn ní àríwá Wales ní nǹkan bí ọdún 60 lẹ́yìn ìbí Kristi, tí wọ́n sì gé àwọn igbó mímọ́ ibẹ̀ lulẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sí ẹlẹ́rìí kan tí ó rí àwọn Druid kí wọ́n máa ṣe ètò kankan ní Wales. Àwọn tí wọn kò kọ ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀, tí a sì gé igbó wọn, báwo ni àdúrà wọn, àwọ̀ aṣọ wọn àti ìlànà ìjókòó wọn ṣe fo ẹgbẹ̀sán ọdún ó dín díẹ̀ kọjá kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan? Síwájú sí i, Strabo, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, ya àwọn akéwì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn Druid nígbà tí ó ń sọ nípa àwọn ẹ̀yà tí ó bá àwọn ará Wales tan. Akéwì ń kọrin, Druid ń ṣe ìdájọ́ ó sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ gbà pé akéwì wà ní Wales láti ìgbà ìwásẹ̀, èyí kò sọ akéwì di ọmọ Druid.

Ti agbo òkúta ńkọ́? Àwọn agbo òkúta àtijọ́ tòótọ́, bíi Stonehenge tí ó wà ní England, tí wọ́n tilẹ̀ gbé díẹ̀ nínú òkúta rẹ̀ wá láti òkè Preseli ní Wales, ti wà ní ẹgbàá ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ Druid sínú ìwé. Èyí tí àlejò ń rí nínú ọgbà láàárín ìlú ní Wales sì yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn pátápátá: lọ sí Cardiff, wo agbo òkúta tí ó wà nínú ọgbà níwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Eisteddfod, ìyẹn àjọ̀dún ìdíje ewì àti orin àwọn ará Wales, ti ọdún 1899 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ to òkúta náà jọ. Aṣọ funfun, aṣọ búlúù àti aṣọ àwọ̀ ewé tí ó jọ ti ìgbà láéláé, ayàwòrán Hubert Herkomer ni ó ya bí wọn yóò ṣe rí, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹni tí ó dá Gorsedd sílẹ̀ ni Edward Williams, agbẹ́kùúta, tí wọ́n bí ní àdúgbò Llancarfan ní Glamorgan ní ọdún 1747, tí ó sì sọ ara rẹ̀ ní Iolo Morganwg. Ọlọ́gbọ́n ni, akéwì ni, olùfẹ́ ìwé àtijọ́ ni: a máa fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Wales láti da ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kọ, oògùn tí a fi ópíọ̀mù ṣe, tí ó ń lò fún àìsàn rẹ̀, sì ti di bárakú fún un. Kò sì ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ó ṣí ìsọ̀ ní ìlú Cowbridge, ṣúgà tí ẹrú kò fi òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ni ó ń tà, ó sì kéde rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó ní sí Glamorgan borí òtítọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó ní àwọn akéwì àdúgbò òun nìkan ni wọ́n pa àṣírí àwọn Druid mọ́, pé òun sì ni ó jogún rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1792, ní orí òkè Primrose Hill ní London, ó ṣe Gorsedd àkọ́kọ́. Ó hùmọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì tí a ń gbẹ́ sára igi, ó ní ti àwọn akéwì ìgbà láéláé ni. Nígbà tí wọ́n tẹ ewì Dafydd ap Gwilym, àgbà akéwì ọ̀rúndún kẹrìnlá, jáde ní ọdún 1789, Iolo fi ewì tí òun fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́ ní orúkọ olóògbé náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ní Carmarthen ni ọ̀rọ̀ náà ti wá di ti gbogbo ayé. Ní ọdún 1819, wọ́n ń ṣe Eisteddfod nínú ìlú náà. Iolo, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbé Gorsedd rẹ̀ wá sí ọgbà ilé ìtura Ivy Bush, ó so ríbọ́nù aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ apá àwọn tí ó gbà wọlé, ó sì so funfun, èyí tí í ṣe ti àwọn Druid, mọ́ apá Thomas Burgess, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ St Davids. Láti ọjọ́ náà ni Gorsedd ti rọ̀ mọ́ Eisteddfod, tí ojú kò sì mọ̀ ọ́n yà mọ́. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá: ní ọdún 1896, ọ̀jọ̀gbọ́n John Morris-Jones kọ̀wé tako ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè fún Gorsedd, nígbà tí ó sì di ọdún 1926, G. J. Williams tẹ ìwé tí ó fi ẹ̀rí hàn pé ọwọ́ Iolo ni àwọn ewì tí wọ́n so mọ́ Dafydd ap Gwilym ti jáde. Ọmọ Wales ni àwọn méjèèjì. Àwọn onílé ni wọ́n gbá ilé wọn mọ́.

Wàyí o, ta ni ó ni àga? Àkísà àgbà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan wà ní Aberystwyth, nínú Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè Wales, níbi tí Ìwé Dúdú Carmarthen wà, ìwé awọ tí akọ̀wé kan fi ọwọ́ kọ ewì Welsh sínú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1250. Ewì tí wọ́n so mọ́ orúkọ Aneirin àti Taliesin, tí a gbà pé wọ́n gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹfà, ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn yìí tipẹ́ kí ó tó wọ inú ìwé. Bí onírárà ṣe ń ki ọba àti ìjòyè ní ààfin nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni akéwì Wales ń ki olórí rẹ̀, tí ó ń ka ìran rẹ̀, tí ó sì ń dárò akọni tí ó bá ṣubú lójú ogun. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọba Hywel Dda pè sì fún akéwì ní ipò àti ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní ààfin. Ní Kérésìmesì ọdún 1176, Rhys ap Gruffydd, olórí ìhà gúúsù Wales, pe àwọn akéwì àti àwọn olórin jọ sí kásùlù rẹ̀ ní Aberteifi, lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde rẹ̀ fún ọdún kan gbáko ní Wales, ní England, ní Scotland àti ní Ireland. Àga méjì ni ó gbé kalẹ̀, ọ̀kan fún ewì, ọ̀kan fún orin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ààfin Rhys gba ti háàpù, àwọn ará Gwynedd ní àríwá sì gba ti ewì. Ẹ kíyè sí i pé olóore náà jẹ́ kí àlejò gba àga ewì lọ ní ilé rẹ̀. Èyí ni Eisteddfod àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn ròyìn, kò sì sí Druid kan níbẹ̀.

Ohun tí àwọn akéwì wọ̀nyí fi ń gba àga kì í ṣe àṣírí ìsìn, iṣẹ́ ọwọ́ ni, èyí tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlànà ewì kan wà tí wọ́n ń pè ní cynghanedd: nínú oríṣi rẹ̀ kan, kọ́ńsónáǹtì tí ó wà ní apá kìíní ìlà gbọ́dọ̀ tún padà wá ní apá kejì, ní ìtò kan náà, láìfo ọ̀kan, láìsí pé ìtumọ̀ ewì náà wọ́. Ìṣọwọ́kéwì mẹ́rìnlélógún ni ọ̀gá ní láti mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1451, ní Carmarthen, Dafydd ab Edmwnd tún òfin wọn ṣe, ó sì mú kí ó le sí i. Ní Caerwys ní ọdún 1523, àti lẹ́yìn náà nípa ìwé àṣẹ tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fún wọn ní ọdún 1567, àwọn àgbà akéwì jókòó láti dán àwọn oníṣẹ́ wò, kí wọ́n lè ya ẹni tí ó mọ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára alárìnkiri tí ó kàn ń fi orúkọ akéwì ṣagbe. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìdílé tí àga Wales ti wá, ìdílé àwọn oníṣẹ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni.

Àwọn kan yóò wí pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó aṣọ funfun náà dànù. Èmi kò gbà. Àṣà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àṣà tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe ni ó ń fẹ́ àtúnṣe. Gorsedd fún àwọn ará Wales ní aṣọ iyì ní àkókò tí olùkọ́ ń fi pátákó sí ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé. Níbi Eisteddfod ńlá tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Kẹjọ ọdọọdún, ní gúúsù lọ́dún kan, ní àríwá lọ́dún kejì, nígbà tí adájọ́ bá ti kéde orúkọ ìnagijẹ ẹni tí ó borí, tí fèrè sì dún, ẹni náà yóò dìde láàárín èrò, wọn yóò mú un lọ sórí pèpéle. Olórí Gorsedd yóò fa idà yọ díẹ̀ nínú àkọ̀, yóò béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá àlàáfíà wà, gbogbo àwùjọ yóò sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé àlàáfíà ni, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jókòó. Ní Birkenhead ní ọdún 1917, fèrè dún, kò sí ẹni tí ó dìde. Hedd Wyn, ọmọ darandaran láti Trawsfynydd, ni ó borí, ṣùgbọ́n ó ti ṣubú lójú ogun ní Belgium ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Wọ́n da aṣọ dúdú bo àga náà, àga tí Eugeen Vanfleteren, ẹni tí ogun lé kúrò ní Belgium kan náà, fi ọwọ́ gbẹ́. Iolo ni ó hùmọ̀ ètò náà, lóòótọ́; ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ náà kì í ṣe àhùmọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ọmọ rẹ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Wales, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Aberteifi, kí ó tó dé Primrose Hill. Kí ó sọ pé William Morgan túmọ̀ Bíbélì sí èdè Welsh ní ọdún 1588, tí ọmọ àgbẹ̀ sì ń gbọ́ èdè tí ó jinlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Kí ó sọ nípa Eisteddfod kéékèèké ní abúlé, níbi tí awakùsà àti darandaran ti ń bára wọn díje. Kí ó sọ nípa ẹgbẹ́ Urdd tí Ifan ab Owen Edwards dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1922. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tí ó ń sọ èdè náà ní Wales jẹ́ 538,000, ìpín 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn òbí wọn ni wọ́n pa á mọ́, nígbà tí òfin àti ilé-ìwé kọ̀ ọ́. Bí a bá wí pé Druid ni ó ṣe é, a ti wí pé ohun tí ó ti wà láéláé kò ní kú, pé kò sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣe. Òtítọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì níyì jù ú lọ: èdè náà wà láàyè nítorí pé ní ìran kọ̀ọ̀kan àwọn ènìyàn kan kọ́ ọ, wọ́n fi kéwì, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ. Àwọn ni wọ́n ni àga.