Àkísà Àgbà Kì í Ṣe Ohun Àdànù

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ìrírí ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí yìn: owó ni a fi ń ra aṣọ, ọjọ́ orí ni a fi ń kó àkísà jọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ fún àwa ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rí ìgbà tó ti kọjá ni àkísà, ẹ̀rí náà kò sì kún tó bí a kò bá mọ ẹni tó rán an, ẹni tó lò ó àti ohun tó tìtorí rẹ̀ lò ó.

Ẹ wo Harriet Powers, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà, ní 1837. Ìrépé aṣọ ló gé ní àwòrán ènìyàn àti ẹranko, tó rán wọn mọ́ ìbora láti fi sọ ìtàn Bíbélì. Àìní mú kó ta ìbora náà ní dọ́là márùn-ún. Lónìí, ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Jennie Smith tó rà á kọ àlàyé Powers fúnra rẹ̀ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn obìnrin náà fi wà pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún aṣọ egúngún kan tó wà ní Brooklyn Museum, New York, tí aṣọ ara rẹ̀ ju 300 lọ, ti ilé àti ti òkè òkun. Ó ti débẹ̀ láti 1998, ṣùgbọ́n ìwádìí fún àfihàn ọdún 2019 ni ó tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdílé tó ni ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irú àìsí àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí àríyànjiyàn tán lórí bóyá ọgbọ́n aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ìbora àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà: Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, rí àpẹẹrẹ rẹ̀, àwọn mìíràn ní ìfarajọra nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹnìkan lè ní ohun awo ni aṣọ egúngún, kì í ṣe ohun àfihàn. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀kú lọ́wọ́ ìdílé tó ni ín; ohun tí ìdílé bá yọ̀ǹda nìkan ni kí a kọ. Ẹlòmíràn lè ní kòkòrò àti ọ̀rinrin ọ̀sà kò ní jẹ́ kí aṣọ pẹ́ níhìn-ín, pé ó sàn kó wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ fi hàn pé aṣọ lè wà láìbàjẹ́ nílùú òyìnbó kí orúkọ àwọn tó ni ín sì sọnù. Orúkọ kò nílò yàrá olówó ńlá. Ìwé àti ẹni tó bìkítà ló nílò.

Èbúté wa wà lára ọ̀nà tí aṣọ òkè òkun gbà wọ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, àpótí àwọn ìyá wa kò sì ṣófo. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gé ìrépé lára aṣọ ẹbí, àdìrẹ àti aṣọ òfì wọn, kí wọ́n kọ ọdún, ayẹyẹ àti orúkọ ẹni tó hun ún tàbí tó rán an mọ́ ọn. Kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń dá aṣọ fún ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba, nítorí àwọn tó mọ ìtàn aṣọ wọ̀nyí ti dàgbà.