Ìrora Ìdí Àtàǹpàkò: Ohun Tó Ń Fà Á Àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jẹun nílùú onílùú. Ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń gún iyán tà, ẹni tó ń fi mudu wọn ìrẹsì láti àárọ̀ dalẹ́, bí àtàǹpàkò bá lè daṣẹ́ sílẹ̀, ọjà dúró nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi ní ká ṣàlàyé àìsàn kan tí àwọn èèyàn wa sábà máa ń ṣì mú.

Kí ni àìsàn náà?
De Quervain ni àwọn dókítà ń pè é. Fritz de Quervain, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland, ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1895. Iṣan méjì tó rí bí okùn ló ń fa àtàǹpàkò sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó dé ìdí àtàǹpàkò, wọ́n máa gba inú ihò tóóró kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́. Ó dà bí okùn ṣòkòtò nínú ibi tí télọ̀ ṣẹ́ po fún un. Bí ibẹ̀ bá fún jù, okùn á há. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ihò yìí ṣe máa ń nípọn, tí iṣan ò sì ní ráyè kọjá dáadáa mọ́.

Ta ló ń mú jù?
Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá láàárín ọdún 30 sí 50. Ó wọ́pọ̀ lára ìyá ọlọ́mọ tuntun, nítorí bí wọ́n ṣe ń ki ọwọ́ bọ abíyá ọmọ gbé e, tí àtàǹpàkò á là sókè. Iṣẹ́ kan náà tí ọwọ́ ń ṣe léraléra máa ń dá kún un: fífi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ, fífún aṣọ, odó gígún, fóònù títẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n?
Ìdí àtàǹpàkò, níbi ọrùn ọwọ́, á máa dunni, ó sì lè wú. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣí ìdérí ìgò tàbí kó yí kọ́kọ́rọ́, á ta á. Ẹ ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka yòókù bò ó, kí ẹ wá rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sí ọ̀nà ìka tó kéré jù. Bí ìdí àtàǹpàkò bá ta yín gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́ o.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣubú lé ọwọ́, ẹ lọ ya fọ́tò eegun, ó lè ti kán. Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri lóru, nǹkan mìíràn nìyẹn. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé, ẹ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìtọ́jú
A mọ aránṣọ kan lọ́jà wa tí wọ́n ní ọwọ́ ayé ló bà á. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, tí Haúsá ń pè ní madori. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ìrora ń pọ̀ sí i, títí kò fi lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Ká ní ó ti tètè sinmi ni, ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé:

1. Ẹ dá iṣẹ́ tó ń fa ìrora dúró ná, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ kejì ṣe é.
2. Ẹ lo ohun ìdè líle tó mú ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò pọ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Báńdéèjì tó fi àtàǹpàkò sílẹ̀ lóde kò tó.
3. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́.
4. Ibuprofen máa ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà ná.
5. Bí kò bá lọ, dókítà lè gún abẹ́rẹ́ steroid síbẹ̀. Ó ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó sọ fún wọn, torí ó lè gbé ṣúgà sókè.
6. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré wà tí wọ́n fi ń la ihò náà. Ọ̀pọ̀ kì í débẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọmọ láti ìdí, ẹ má fi àtàǹpàkò gbé e.

Níbo la lè lọ? Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala ní Kano, ó wà ní Enugu, ó sì wà ní Ìgbóbì l'Ékòó. Ẹni tó bá jìnnà sí wọn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí rẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ fi sinmi kò tó oṣù tí ẹ máa fi jókòó láìṣiṣẹ́. Ẹ tètè tọ́jú rẹ̀ o.