Ojúde, Pápá àti Ọgbà: Ìtàn Ilẹ̀ Gbangba láti Ìlú Àtijọ́ dé Èkó Òde Òní

Àwọn tó tẹ ìlú Yorùbá àtijọ́ dó kì í kọ́ ilé tán kí wọ́n tó wá ibi tí èèyàn yóò ti máa péjọ. Ààfin á wà láàárín, ọjà Ọba á wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà ńláńlá ìlú á sì máa já síbẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ní Ifẹ̀, ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìlú mìíràn tó pọ̀, àlejò tó gba ẹnu ibodè wọlé, tó sì ń tọ ọ̀nà tó gbòòrò jù lọ, iwájú ààfin ni yóò yọ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìkéde, ibẹ̀ náà ni ọ̀tọ̀kùlú àti mẹ̀kúnnù ti ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì lónìí, ìyẹn bí a ṣe ń ṣètò ilẹ̀ gbangba, igi, omi àti ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín ìlú, kò ṣàjèjì sí wọn rárá.

Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé ohun tó yí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ká. Odi àti yàrà wà. Igbó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Ilé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi inú rẹ̀. Níbi tí ogun bá ti pọ̀, wọ́n á mọ odi kejì síta, Odi Amọ́là, kí ilẹ̀ oko lè wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀tá bá dó ti ìlú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí tó ṣófo lásán. Gbogbo wọn ló níṣẹ́, gbogbo wọn ló sì ní ẹni tí yóò bínú bí wọ́n bá bà á jẹ́. Igi pàápàá ní ipò tirẹ̀: ọdán fún ibòji ní ojúde àti lọ́jà, pèrègún fún ààlà àti ojúbọ, akòko tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ fún olóyè.

Inú agbo ilé náà tẹ̀lé ìlànà kan náà. Àárín rẹ̀ ṣí sókè, òrùlé yí i ká, omi òjò á dà sí àárín, wọ́n á sì la ojú ọ̀nà fún un láti jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15, wọ́n fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Wọn kì í tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Wọ́n á nà án ró lórí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tò ó ní ìlà tó ń dagun sí ara wọn, títí ilẹ̀ yóò fi le débi pé ẹrẹ̀ kò ní rí ibi jókòó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, síbẹ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń bá ilẹ̀ àpáàdì yìí pàdé bó ṣe wà. Èmi kò mọ títì ìgbà tiwa tó lè yangàn bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, ààfin Ọlọ́wọ̀ ní àgbàlá tó tó 100, tí wọ́n ń pè ní ùghà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tàbí òrìṣà tirẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni gbogbo ìlú ti ń pàdé nígbà ọdún.

Ìlànà pípàdé níwájú ààfin yìí kò kú. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní régbérégbé máa ń jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin, gbogbo wọn á wá kí Awùjalẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún 19. Ojúde Ọba ni orúkọ ọdún náà, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n fi sọ ọ́.

Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861, John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, di ẹni tó ń darí ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti la ọ̀nà, tí Marina, etí ọ̀sà tí àwọn oníṣòwò kọ́ ilé sí, sì gbòòrò sí i. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta nínú Ìfọ́lé ọdún 1867, òun ló fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tó sì ní kí wọ́n la òpópónà ibẹ̀ ní ìlà tó gún régé. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ni ó kù fún gbogbo ayé. Ojúde kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe aláìmọ̀ nípa ọgbà gbogbogbòò. Ní 1847, ní Birkenhead, tó dojú kọ Liverpool lódìkejì odò Mersey, wọ́n ṣí ọgbà ńlá kan tí wọ́n fi owó ìlú ṣe, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Liverpool yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú omi ń kó epo pupa ilẹ̀ wa lọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Law Olmsted, rí ọgbà náà ní 1850, ó sì yà á lẹ́nu gidigidi. Ní 1858, òun àti Calvert Vaux gbégbá orókè nínú ìdíje àwòrán Central Park ní New York, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ ibi tí olówó àti tálákà yóò ti jọ máa rìn. Olmsted wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ ṣíṣètò ilẹ̀ gbangba di iṣẹ́ òòjọ́ tó dá dúró. Ohun tó dùn mí ni pé èrò yìí kò bá ọkọ̀ epo pupa padà wá sí Èkó.

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló wá. Nígbà tí ọ̀rúndún 20 fi bẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó ti mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Dípò kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà fún gbogbo ìlú bákan náà, wọ́n pinnu láti jìnnà sí àwọn onílùú. Lábẹ́ ètò Lugard, gómìnà àgbà ìjọba amúnisìn, tí òfin ìlú ọdún 1917 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọ́ ilé sí, tó fẹ̀ tó yáàdì 440, ní láti wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ di pápá gọ́ọ̀fù àti pápá eré ẹṣin. Koríko rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìpínyà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilẹ̀ yìí tí ilẹ̀ gbangba wà láàárín ìlú kí àwọn èèyàn má baà pàdé, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti kọ́ láti máa wo ọgbà ìjọba gẹ́gẹ́ bí ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Dókítà John Randle kò gba bẹ́ẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, oníṣègùn ni, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Èkó ń kú sómi nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ odò ìwẹ̀ sí Oníkán ní 1928, ọdún tó kú náà ni.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ LEDB sílẹ̀ fún àtúnṣe Èkó, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1924. Àjọ yìí ló la apá kan Yábàá. Ní 1955, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó lórí ilẹ̀ tó tó éékà 70, ó ní ìdọ̀tí àti àfúnpọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Àfúnpọ̀ wà lóòótọ́. Síbẹ̀, ìwádìí tí Peter Marris tẹ̀ jáde ní 1961 fi hàn pé ohun tí wọ́n wó ju ògiri lọ. Àgbàlá tí ọmọ ìyá ti ń pàdé ọmọ ìyá, tí ìyá àgbà ti ń pàtẹ ọjà wẹ́wẹ́ síwájú ilé, kò sí nínú ilé tuntun tí wọ́n fún wọn.

Òmìnira yí ojú pápá padà. Òru ọjọ́ tí September parí ní 1960, pápá eré ẹṣin Èkó ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n sì fa ti Nàìjíríà sókè. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fàájì àwọn kan di ojúde gbogbo orílẹ̀-èdè ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ní ọdún yẹn náà, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó fi omi ìsun kan ta ìlú lọ́rẹ ní gbàgede tí orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú wà lára rẹ̀. Ní 1972, wọ́n sọ pápá ẹṣin náà di Tafawa Balewa Square, hẹ́kítà 14.5, pẹ̀lú ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ Ẹ̀yọ̀ ń parí sí lónìí. Àmọ́ kọnkéré bo èyí tó pọ̀ jù nínú koríko, ibòji kò sì sí. Bí kò bá sí ayẹyẹ, òòrùn nìkan ló ń jókòó síbẹ̀.

Owó epo rọ̀bì ló wá ṣe Marina léṣe. Nínú àwọn ọdún 1970, wọ́n da iyanrìn sí etí ọ̀sà, wọ́n sì la títì ọkọ̀ ńlá gbà á. Àwọn ilé tó ti ń wo omi láti ìgbà Gólóbà wá ń wo ọkọ̀. Nínú gbogbo ìpàdánù ilẹ̀ gbangba tí Èkó ti rí, èyí ni mo kà sí tó burú jù, nítorí kò sí ìlú tó ní etí omi bẹ́ẹ̀ tó yẹ kó fi títì rọ́pò rẹ̀. Ìbàdàn náà rí tirẹ̀: nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní August 1980, tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé dí ojú odò ni omi ti bínú jù. Omi náà ba ọgbà Àgódi jẹ́, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún un ṣe.

Òṣogbo ló fi hàn pé ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. Ní àwọn ọdún 1950, igbó Ọ̀ṣun ti ń dínkù. Wọ́n ń gé igi ibẹ̀, ẹ̀ka ìjọba kan sì ti gbin igi tíìkì sí apá kan rẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950 tí a sì mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àwọn aláwo àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, Buraimoh Gbadamosi àti Kasali Akangbe, jọ dìde láti gbà á. Wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n gbé ère ńláńlá dúró láàárín igi, wọ́n sì lòdì sí pípa ẹran àti ẹja inú rẹ̀. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992, gbogbo hẹ́kítà 75 wọ inú rẹ̀. UNESCO fi í sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Igbó náà ti dúró nítorí pé ọdọọdún ni ìlú ń padà síbẹ̀ tìlù-tìfọn. Ewu rẹ̀ báyìí ń ti òkè odò wá: àwọn tó ń wa wúrà ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n, ògiri igbó kò sì lè dá ìyẹn dúró.

Nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ gómìnà Èkó, láti 2007 sí 2015, wọ́n gbin koríko àti òdòdó sí abẹ́ afárá àti sí ẹ̀gbẹ́ títì, òfin sì dá LASPARK sílẹ̀ ní 2011 láti máa tọ́jú ọgbà ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí ká. Ní January 2012, nígbà tí owó epo bẹntiróòlù gun òkè, ọgbà Gani Fawehinmi ní Òjótà ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn kóra jọ sí láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò sí ẹni tó ya irú ìlò bẹ́ẹ̀ sínú àwòrán ọgbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ojúde ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù ní Èkó ni Freedom Park, ní òpópónà Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n amúnisìn wà níbẹ̀ láti 1882, wọ́n sì fi bíríkì tún un kọ́ ní 1885. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sun ibẹ̀ rí. Wọ́n wó o ní 1979, ilẹ̀ náà sì di ààtàn. Ayàwòrán ilé Theo Lawson ló gbà pé kí wọ́n má pa ìrántí rẹ̀ rẹ́. Ó fi ìlà yàrá ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ó gbé pèpéle eré sí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, ó gbin igi, ó sì fa omi wọ inú rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní October 2010. Orin, eré orí ìtàgé àti ọjọ́ ìwé ló ń kún un báyìí. Owó ìwọlé ni mo rí sọ sí i: ó yẹ kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lè wọlé wá jókòó lábẹ́ igi láìná kọ́bọ̀. Ní Oníkán, ní January 2023, wọ́n ṣí ilé àṣà Yorùbá tí Seun Oduwole yàwòrán rẹ̀ sí ilẹ̀ odò ìwẹ̀ Randle, tí orúkọ Randle sì wà lára rẹ̀.

Láti September 2023, ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò láti Mile 2 wá sí Marina, ó sì ń gba orí omi kọjá kó tó dé. Èrò inú rẹ̀ ń rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé, èyí tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Marina kò rí mọ́ láti àwọn ọdún 1970. Bí ìjọba bá fẹ́ náwó sí ọgbà kan sí i ní Èkó, etí omi tó wà lẹ́yìn títì yẹn ni kó kọ́kọ́ dá padà, kó gbin igi tó níbòji síbẹ̀, kó má sì fi irin dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.