Ojú Tí Ìbàdàn Fi Ń Wo Ọmọ Tuntun Nínú Sootin

Shooting Stars ni orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn nínú ìwé. Sootin ni lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Bí sáà líìgì tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí àwọn alátìlẹ́yìn gbà pé tàwọn ni: kí wọ́n wo àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé, kí wọ́n sì sọ èyí tó máa di agbábọ́ọ̀lù gidi nínú wọn. Ìdájọ́ yìí kì í dúró de òpin sáà. Láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ti ń sọ pé lágbájá mọ bọ́ọ̀lù, pé tàmẹ̀dò ò lẹ́sẹ̀ òsì, pé ọmọ wíńgì yẹn ń sáré ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Bí ẹgbẹ́ náà ti ń yí padà láti ìran dé ìran ni ìdájọ́ wọn ń yí padà. Ó máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ìlú bá ti mọ ọmọ náà kó tó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó sì máa ń mì nígbà tí ọmọ bá jẹ́ àlejò, tàbí nígbà tí kò bá ní pẹ́ lọ.

Bọ́ọ̀lù ti gbilẹ̀ n'Ìbàdàn kí Sootin tó gòkè. Ẹgbẹ́ Ibadan Lions gba Challenge Cup, ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, ní 1959, wọ́n sì tún gbà á ní 1961. Láàárín ọdún méjèèjì, ní 1960, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí Liberty Stadium, pápá ńlá tó sọ lílọ wo bọ́ọ̀lù di ọ̀ràn gbogbo ìlú. Àjọ Western Nigeria Development Corporation, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí WNDC, ló ni ẹgbẹ́ tó wá gba iwájú. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ bọ́ sábẹ́ iléeṣẹ́ ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní IICC. IICC Shooting Stars ni wọ́n ń jẹ́ ní ọdún tí òkìkí wọn kan gbogbo Áfíríkà; nígbà tó yá, orúkọ iléeṣẹ́ kúrò níwájú, Shooting Stars nìkan ló kù.

Láyé WNDC, iṣẹ́ ọba ni ẹgbẹ́ fi ń fa ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù mọ́ra. Wọ́n á gbà á sí àjọ náà, á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á lọ sí tírénìn nírọ̀lẹ́. Àwọn tó máa pariwo lé e lórí lọ́jọ́ Sátidé lè bá a pàdé nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tàbí kó jẹ́ pé ojúde kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti rí i tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ńlá Ìbàdàn, Government College, Loyola, Lagelu àti Ibadan Boys' High School láàárín wọn, ní pápá tiwọn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé-ìwé sí ilé-ìwé sì máa ń fa èrò. Ẹni tó bá wo ọmọ kan lọ́dún mẹ́ta lórí pápá ilé-ìwé mọ̀ bóyá ó máa ń sá fún ìkọlù, ó mọ ẹsẹ̀ tó fẹ́ràn, ó mọ bó ṣe ń ṣe tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fìdí rẹmi. Bí irú alátìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, ohun tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń sọ, kódà bí ó bá dà bí ọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀ létí àlejò.

Tírénìn náà ní àwọn òǹwòran tirẹ̀. Àwọn tó bá dé láti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mú ìròyìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, àti sídìí àtẹ ìwé ìròyìn, níbi tí èèyàn ogún ti lè ka Daily Sketch tàbí Tribune kan ṣoṣo lórí ìdúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to ẹgbẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tò ó. Orúkọ ọmọ tuntun á ti jáde lẹ́nu wọn kí rẹfirí tó fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Ọdún 1972 ni líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, Mighty Jets ti Jos ló sì kọ́kọ́ gbà á. Fún ìgbà pípẹ́ ni sáà fi ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí láàárín ọdún kan náà, èyí tó mú kí àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí ìgbà tí òjò ò tíì fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí kò kéré nínú ìdájọ́. Ilẹ̀ le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀lù a máa ta sókè, ọmọ tí àyà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè mú bọ́ọ̀lù balẹ̀ á tàn bí ìràwọ̀. Bí òjò bá wá dé, tí pápá di ẹrẹ̀, agbára àti èémí ló kù tí ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí gbogbo pópúlà sáìdì ń kọrin rẹ̀ lóṣù kẹta lè di ẹni tí wọ́n ń bẹ kóòṣì pé kó yọ kúrò lóṣù kẹjọ. Àwọn àgbà òǹwòran mọ èyí, wọ́n á sì máa sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n dúró de òjò.

Ìran tó fi ìdí àṣà yìí múlẹ̀ jù ni ìran 1976. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà nínú rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní 1952, tó dàgbà ní Jos, tó sì lọ sí St. Murumba College níbẹ̀ kó tó wá kàwé ní Pólì Ìbàdàn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wíńgì ọ̀tún ló ń gbá. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo agbábọ́ọ̀lù nígbà náà, tí àyà gbígbòòrò àti itan ńlá jẹ́ àmì agbára, kò jọ ẹni tó máa pẹ́. Ohun tó dá a yàtọ̀ ni bó ṣe ń ṣírò àyè: ó mọ ìgbà tó yẹ kó sáré àti ìgbà tó yẹ kó dúró, orí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé bí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1954, tó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Òun ò gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gíga wọlé, àárín pápá ni wọ́n sì ti mọ iyì rẹ̀, nítorí èémí rẹ̀ kì í tán. Àwọn méjèèjì fi hàn pé ọ̀nà méjì ni ọmọ fi lè dé ọkàn ìlú: ọ̀nà ìwé àti ọ̀nà ọwọ́.

Lọ́dún 1976 yìí ni IICC gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní òpin ọdún náà, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní ayò 4 sí 1 nínú ìpele àkọ́kọ́ àṣekágbá ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà. Tonnerre fi 1 sí 0 borí ní ìpele kejì, àmọ́ àpapọ̀ 4 sí 2 ló gbé ife náà wá sí Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan ò tíì gba ife Áfíríkà rí. Ọdẹ́gbàmí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Lawal jẹ́ méjìlélógún.

Rédíò ló tan ìdájọ́ pápá kálẹ̀. Ernest Okonkwo, asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló fún Ọdẹ́gbàmí ní orúkọ "Mathematical" tó mọ́ ọn lára títí dòní. Lédè Yorùbá, Ìṣọ̀lá Fọlọ́runṣọ́ ló ń mú ẹni tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì rí pápá láti inú yàrá rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ kì í ṣe ohun tuntun. Tèslímù Balógun, tó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Ìlú Ọba ní 1949, ti ń jẹ́ "Thunder" nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń ró lára àwọ̀n. Fún Yorùbá, orúkọ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ oríkì: ó ń sọ ohun tí wọ́n rí lára ẹni, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ṣẹ́yìn. Felix Owólabí di "Owoblow". Ọmọ tí ìlú ò bá tíì fún lórúkọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù mọ̀ fúnra rẹ̀ pé wọn ò tíì gbà á.

Àṣeyọrí sọ ojú àwọn alátìlẹ́yìn di ojú líle. Ní 1977, IICC pàdé Rangers ti Enugu nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ife Áfíríkà kan náà, gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé ní Kàdúná sì lé wọn jáde. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi nípa ọmọ tuntun yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń bèèrè bóyá ó mọ bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn Kàdúná, wọ́n ń bèèrè bóyá ó lè gbá bọ́ọ̀lù lójú Rangers. Challenge Cup 1977 àti ti 1979 wá sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 láti gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Lawal gbá ọ̀kan, Best Ogedegbe tó jẹ́ aṣọ́lé Ìbàdàn ló sì ṣọ́ ilé. Gbogbo ayò ọjọ́ náà ti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí Ìbàdàn ti yẹ̀ wò wá. Èrè ńlá ni fún ìlú kan, inú àwọn tó ti rí wọn lórí pápá tírénìn sì dùn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ní 1982 ni ọmọ kan dé láti Kàdúná tí Ìbàdàn ò mọ̀. Ràṣídì Yẹkíní ni. Òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Kàdúná ni wọ́n ti bí i, UNTL ti ìlú náà ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Kò sí pápá ilé-ìwé Ìbàdàn tó rí i rí. Kò sí ìtàn kankan tí àwọn onígbàjámọ̀ lè sọ nípa rẹ̀, àfi ohun tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ Sátidé. Agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kíá, ẹgbẹ́ sì gba líìgì ní 1983. Ọdún kejì ni wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà, níbi tí Zamalek ti Íjíbítì ti nà wọ́n ní 2 sí 0 ní Káírò, tí wọ́n sì tún nà wọ́n ní 1 sí 0 ní Èkó.

Ohun tó tẹ̀lé e le. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ọdẹ́gbàmí fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Yẹkíní lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Àṣìṣe gidi ni títú ẹgbẹ́ ká, nítorí pé ìjáfáfá ọ̀dọ́ máa ń hù lẹ́bàá àgbà: ọmọ tuntun a máa kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹni tó ti jìyà pápá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn àgbà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n wá tún ẹgbẹ́ tò, àwọn alátìlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ọmọ tuntun, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè fi wọn ẹnikẹ́ni.

Nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò náà. Ní 1985, ikọ̀ àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tó mẹ́tàdínlógún gba ife àgbáyé ní Ṣáínà, wọ́n na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní 2 sí 0. Ní 1989, àwọn tó dàgbà díẹ̀ jù wọ́n lọ dé àṣekágbá ní Saudi Arabia. Èrò nípa ọ̀dọ́ yí padà káàkiri Nàìjíríà: wọ́n ò rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bí ẹni tó ń dúró de àyè mọ́. Mùtíù Adépọ̀jù, ọmọ bíbí Ìbàdàn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, wà nínú ikọ̀ 1989 náà. Kí ó tó pé ogún ọdún ó ti wà ní Real Madrid, níbi tó ti ń gbá fún ẹgbẹ́ kejì wọn. Nígbà tó fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé Spain nínú ife àgbáyé 1998, ọ̀pọ̀ ní Ìbàdàn lè sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ sáà díẹ̀ ni wọ́n fi wò ó.

Líìgì di ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní 1990. Shooting Stars gba ife CAF àkọ́kọ́ ní 1992, nípa nína SC Villa ti Uganda ní àpapọ̀ 3 sí 0, wọ́n gba líìgì ní 1995 àti 1998. Ní 1996 wọ́n tún pàdé Zamalek ní àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà. Wọ́n borí 2 sí 1 n'Ìbàdàn, wọ́n pàdánù 2 sí 1 ní Káírò, gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé sì tún fi ife náà sílẹ̀ fún àwọn ará Íjíbítì. Láàárín àwọn ọdún yìí, àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù ti ń wá sí pápá. Ọmọ tó bá fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tàn lè má sí níbẹ̀ mọ́ kí òjò tó rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi nípa ọmọ rere wá di méjì: ṣé ó dára, àti pé ìgbà wo ló máa lọ?

Pápá Adámásìngbà, tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Lékan Sàlámì, alátìlẹ́yìn pàtàkì ẹgbẹ́ náà, sọ, ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ilé nísinsìnyí. Liberty Stadium sì ti ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 2017 ni Shooting Stars já kúrò nínú líìgì àgbà. Wọ́n padà wọlé ní 2021, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn kọ́kọ́ wò nínú líìgì ìsàlẹ̀, lórí pápá tí kámẹ́rà kì í sábà dé. Nígbà tí sáà líìgì àgbà tún bẹ̀rẹ̀ ní Adámásìngbà, àwọn tó ti tẹ̀lé wọn láàárín ọdún wọ̀nyẹn tún ti mọ orúkọ wọn ṣáájú kóòṣì ẹgbẹ́ kejì.