Oúnjẹ àti Ìpápánu Adìyẹ Tó Ń Yé Lẹ́yìnkùlé

Ìpápánu ni àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan, ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí ikán tí a ń fún adìyẹ tó ń yé lẹ́yìn oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Nílẹ̀ Yorùbá, irú nǹkan báyìí ni adìyẹ ìbílẹ̀ fi ń yó láti ayébáyé. Yóò walẹ̀ lákìtàn, yóò ṣa eèrí ògì jẹ, yóò sì wọlé bí ilẹ̀ bá ṣú. Kì í sábà yé tó 100 ẹyin lọ́dún, nítorí náà ohun tó rí ṣà ń tó o. Irú adìyẹ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Isa Brown, tí ọ̀pọ̀ ilé ń sìn lẹ́yìnkùlé lónìí, yàtọ̀. Èyí lè yé tó 300 ẹyin lọ́dún, àkìtàn kò sì lè bọ́ ọ.

Ẹyin kan ń gba nǹkan bíi wákàtí 24 sí 26 kó tó délẹ̀. Bíi 20 nínú rẹ̀ ni ara adìyẹ fi ń ṣe èèpo, òru sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ń wáyé. Èèpo kan ṣoṣo ń gba bíi gíráàmù 2 kálísíọ́mù. Bí kò bá sí i tó nínú oúnjẹ, adìyẹ yóò yọ ọ́ láti inú eegun ara rẹ̀. Ẹni tó ni ín á ki ọwọ́ bọ inú ìtẹ́ láàárọ̀, á bá ẹyin tó rọ̀ bí ọ̀rá tí wọ́n bu omi sí.

Ìdí nìyí tí oúnjẹ léyà, ìyẹn oúnjẹ adìyẹ tó ń yé, fi yàtọ̀ sí ti òròmọdìyẹ. Purotéènì inú rẹ̀ máa ń tó ìdá 16 sí 18 nínú 100, kálísíọ́mù sì máa ń tó bíi 4. Àgbàdo ló sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Sóyà àti ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró wọn ló ń mú purotéènì wá, kí eèrí àlìkámà, eegun lílọ̀, iyọ̀ díẹ̀ àti fítámì tó tẹ̀ lé e. A kì í fún òròmọdìyẹ ní oúnjẹ léyà yìí, torí kálísíọ́mù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Adìyẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lóòjọ́. Àpò oníkílò 25 yóò tó adìyẹ 10 jẹ fún bíi ọjọ́ 20.

Ìpápánu kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́.

Àgbàdo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣì í. Ẹni tó bá mi agolo àgbàdo lásán, àwọn adìyẹ á sáré yí i ká. Bẹ́ẹ̀, purotéènì inú àgbàdo kò ju bíi 9 nínú 100 lọ. Adìyẹ tó bá fi yó kò ní jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rá yóò gbà á nínú, ẹyin yóò sì máa wọ́n.

Ikán dára jù ú lọ, torí purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ mọ ọgbọ́n rẹ̀ dáadáa: wọn á kó koríko gbígbẹ tí wọ́n fi omi rin sínú ìkòkò, wọn á dojú rẹ̀ dé ẹnu ihò ikán. Nígbà tí ikán bá ti kún inú rẹ̀, wọn á gbọ̀n ọ́n dà sáàárín adìyẹ. Ewé náà wúlò. Bí a bá so ìdì tẹ̀tẹ̀ kọ́ sókè díẹ̀ ju orí àwọn adìyẹ lọ, wọn á máa nà ṣá a jẹ, wọn kò sì ní ráyè máa ṣá ara wọn níyẹ̀ẹ́. Ewé, ìbẹ́pẹ àti àgbàdo pupa ló ń mú kí pupa ẹyin pọ́n. Àgbàdo funfun kì í fún un láwọ̀.

Òwe ní adìyẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun kò léyín. Òkúta yẹn gan-an ló ń bá a lọ oúnjẹ nínú iwe. Adìyẹ tí a tì mọ́lé kò rí i ṣà, nítorí náà kí á bu ú fún un nínú àwo ọ̀tọ̀. Kí ìkarahun ìgbín tàbí ìṣáwùrú tí a gún wà nínú àwo kejì. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù kí ó jẹ ẹ́, kí kálísíọ́mù lè wà nínú rẹ̀ lóru. Èèpo ẹyin náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n kí á yan án gbẹ, kí á gún un kúnná, kí adìyẹ má baà kọ́ àṣà ṣíṣá ẹyin ara rẹ̀ jẹ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀ rárá. Àgbàdo tó ti bu lè ní májèlé aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Píà, pàápàá èèpo àti kóró rẹ̀, lè pa á. Ẹ̀wà tí a kò sè àti àjẹkù ọbẹ̀ tó níyọ̀ púpọ̀ náà léwu. Gbágùúdá tútù ní sáyánáìdì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo rẹ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá a gbẹ, ó di oúnjẹ ohun ọ̀sìn.

Omi ló kù. Àwọn àgbà máa ń ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, adìyẹ kì í làágùn. Ẹnu ló máa ń là sílẹ̀ tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, omi sì ń tán lára rẹ̀. Ó ń mu tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, kí ẹ tó ju àgbàdo sí wọn nírọ̀lẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwo omi àti àwo oúnjẹ wọn wò.