Ọwọ́, Ẹnu àti Etí Awakọ̀ Òfúrufú

Abúlé Lísà kò jìnnà sí Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú Bellview, tí ó gbéra láti Èkó lọ sí Àbújá, já sí ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, tí gbogbo ènìyàn 117 tí ó wà nínú rẹ̀ sì ṣòfò. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní apá Kìṣí ni. Ilẹ̀ mọ́ kí a tó mọ̀ pé Lísà ni. Èyí tí ó tún burú ni pé a kò rí ẹ̀rọ tí ń fi gbohùngbohùn gba ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kẹ́yìn, ilẹ̀ Lísà ti gbé e mì. Ìwádìí ìjọba kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí ó fa ìjàm̀bá náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, a máa ń rò pé ọwọ́ nìkan ni a fi ń wa ọkọ̀ òfúrufú. Ìtàn ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọ lórí ilẹ̀, èyí tí Òyìnbó ń pè ní simulator, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Binghamton, ní Amẹ́ríkà, bàbá Edwin Link ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù. Ní 1929, ọmọ yìí mú ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó fi gbé àpótí kan tí ó ní ìyẹ́ kúkúrú, àpótí náà sì ń yí, ó ń tẹ̀, bí ọkọ̀ gidi. (Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà ní ẹwìrì, ta ni ó sọ fún wọn pé ó lè kọ́ni ní fífò?) Àwọn onífàájì ni ó kọ́kọ́ rà á. Ó di 1934, nígbà tí a ní kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa fi ọkọ̀ òfúrufú gbé lẹ́tà, tí púpọ̀ nínú wọn sì kú sínú kùrukùru àti yìnyín, kí ìjọba tó ra mẹ́fà. Wọn a pa ìdérí dé akẹ́kọ̀ọ́ lórí kí ó má ríta. Olùkọ́ a jókòó sídìí tábìlì, a máa bá a sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn ti wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan fi ohùn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Awakọ̀ KLM tí ó sáré láìgba àṣẹ, ọ̀gá olùkọ́ ni. Ó ti pẹ́ nídìí simulator. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Sípéènì tọ́ka sí i pé nínú ẹ̀rọ náà, a sábà máa ń gbéra láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn ará Pan Am ti ń wí pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìṣọ́ náà ń sọ̀rọ̀; ohùn méjì pàdé, ó di ariwo bíi súfèé létí KLM.

Nítorí náà, ẹni tí ń tún simulator tò lónìí kò ṣeré. Gbohùngbohùn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ètè, kí ariwo ẹ́ńjìnnì má baà bo ọ̀rọ̀. Ọ̀pá ìdarí gbọ́dọ̀ wúwo lọ́wọ́ bí ti ọkọ̀ tí a ń kọ́. Bí ó bá fúyẹ́ jù, ọwọ́ á kọ́ àṣà fífà díẹ̀, lọ́jọ́ tí ó bá bọ́ sínú ọkọ̀ gidi, kò ní fà á tó. Ẹni tí ó fi gángan tí awọ rẹ̀ dẹ̀ kọ́ ìlù, bí a bá gbé èyí tí ó le fún un lóde Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìlù yóò sọ.

Ní tiwa, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfúrufú ti Zaria bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni awakọ̀ Boeing wa ń lọ kí ó tó rí simulator jókòó sí. A ti gbé ti Boeing 737 kan dé Zaria báyìí. Boeing 737 ni èyí tí ó já ní Lísà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà àtijọ́.